Ẹ Sọ fún Wa Lọ́jọ́ Àkọ́kọ́

Sí gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ ní Bantama, Kumasi. Sí ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé àdúgbò yìí.

 

Ìyá ọmọ ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. Bantama ni mo ti ń tajà, Bantama náà ni àwọn ọmọ mi ti ń kàwé. Ohun tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí ni ọ̀fìnkìn líle tí àwọn dókítà ń pè ní influenza, èyí tó máa ń mú ara gbóná lójijì, tí orí á máa fọ́ni, tí gbogbo oríkèé á máa roni, tí ikọ́ gbígbẹ á sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe àlejò nílé ẹ̀kọ́ wa. Ohun tó ń jẹ́ kó ràn bí iná inú ọyẹ́ kì í ṣe agbára rẹ̀ nìkan. Àwa fúnra wa ń bá a gbé e kiri. Ilé ẹ̀kọ́ á dákẹ́ nítorí orúkọ. Òbí á rán ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ sí kíláàsì nítorí ọjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́ síta, gbogbo wa á ki ọmọ mọ́lẹ̀, a ó máa sá. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí òbí sì máa dá ọmọ dúró sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé Kumasi Academy. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2017, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kú nílé ẹ̀kọ́ náà ní Asokore Mampong, ìlú kan náà yìí, apá kejì Kumasi sí wa. Àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn lé ní ogójì. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ìròyìn ti gba ìgboro pé àrùn àjèjì kan ló ń pa ọmọ. Àwọn kan ní yírùnyírùn ni. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi òwú nu inú imú àti ọ̀fun àwọn ọmọ, tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí Noguchi ní Legon, ni àṣírí tó tú: influenza ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní H1N1. Mínísítà ìlera ìgbà náà, Kwaku Agyeman-Manu, sì kéde rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé H1N1 yìí kì í ṣe àjèjì rárá. Òun ló jà káàkiri ayé lọ́dún 2009, tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi kéde ní oṣù Kẹfà ọdún náà pé àjàkálẹ̀ gbogbo ayé ni. Nígbà tó fi máa di 2017, ó ti di ọ̀kan lára àwọn ọ̀fìnkìn tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́jọ ni gbogbo ayé ti fi mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti mọ bó ṣe ń ràn, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà. Síbẹ̀ ó wọ yàrá àwọn ọmọ wa, ó mú mẹ́rin lọ kí a tó mọ̀ pé òun ni.

Àwọn òbí ya bo ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fẹ́ kó ọmọ wọn. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi ló wà nínú ọgbà yẹn, ẹsẹ̀ mi ì bá ti kúrú jù láti sáré débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Láti gbogbo ẹkùn Gánà ni kọ̀ǹpútà ti ń pín ọmọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó ní ilé ìbùgbé. Ẹni tí influenza wọ̀ lára lè máa kó o ran ẹlòmíì láti bí ọjọ́ kan kí ara tiẹ̀ tó gbóná, kó sì máa ràn án fún ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn náà. Ọmọdé tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wá mú ní àárọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ara rẹ̀ tutù, lè ti gbé e sínú ara. Á wọ trotro lọ sí Kejetia, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Techiman tàbí Tamale, á sùn sórí ẹní kan náà pẹ̀lú àbúrò àti ìyá ìyá rẹ̀. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ní Kumasi Academy ni pé wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ ta ni yóò fara balẹ̀ dúró de abẹ́rẹ́, nígbà tí ó ti gbọ́ pé ọmọ mẹ́rin kú kí ó tó gbọ́ pé ọmọ kankan ṣàìsàn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Òbí tó bá gbọ́ ní ọjọ́ kejì pé ara ọmọ mẹ́ta gbóná ní kíláàsì kan, á bínú díẹ̀, á bèèrè ọ̀rọ̀, á ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Òbí tó jẹ́ pé ikú ni ó kọ́kọ́ gbọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un mọ́. Àìtètè mólè ló ń jẹ́ kí olè mú olóko.

Sísá yìí kò bẹ̀rẹ̀ lójú wa. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1918, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ sópin, ọkọ̀ ojú omi kan gbé influenza gúnlẹ̀ sí Cape Coast. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti gba ojú irin láti Sekondi dé Kumasi. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ìtàn ni pé àwọn tó kú ní Gold Coast tó 100,000, láàárín oṣù mélòó kan. Láti etíkun kan náà ni ọkọ̀ ojú omi ti gbé e dé Èkó ní àárín oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí àwọn ará Èkó rí i pé àwọn òyìnbó ìmọ́tótó ń wọ ilé káàkiri, tí wọ́n ń kó aláìsàn lọ síbi tí ẹbí kò mọ̀, ọ̀pọ̀ fi ìsàn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì kó ẹrù wọ rélùwéè lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Àrùn náà bá wọn wọ ọkọ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Àjàkálẹ̀ tí àwọn àgbà wa ń pè ní lùkúlùkú nìyẹn, tí wọ́n fi ń ka ọdún ìbí àwọn ènìyàn. Ìjọba ìgbà náà kò bá ará ìlú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fọkàn tán wọn; ará ìlú náà kò sì fọkàn tán ìjọba. Àárín àwọn méjèèjì ni àrùn náà gbà kọjá.

Mo wá bọ̀ sórí àwa òbí, nítorí kò dára kí n máa na ìka sí ilé ẹ̀kọ́ nìkan.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ jí ní aago márùn-ún àárọ̀, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá ní láti tètè dé ọjà nítorí ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀. Ó fún un ní paracetamol, ó fún un ní kókò gbígbóná, ó fi aṣọ òtútù wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, oògùn ti ṣiṣẹ́, iwájú orí ọmọ ti tutù. Olùkọ́ tó dúró lẹ́nu géètì fọwọ́ kàn án, ó ní kó wọlé. Ní aago mọ́kànlá, oògùn ti tán lára, ọmọ ti gbé orí lé tábìlì. Mo ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo lọ san owó. Ọmọ kékeré kan ni, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń dà sórí ìwé ìṣirò. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ènìyàn méjì. Ẹni tó wà láàárín mú omi inú ọ̀rá, ó fi eyín já a, ó mu díẹ̀, ó nà án sí i pé kó mu. Ó mu ún. Ó dá ìyókù padà, èkejì mu ún, ẹ̀kẹta sì fà á gbẹ. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Àwa la kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe ahun.

Ìyá ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀dájú. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣí ìsọ̀ lónìí, kò sí owó oúnjẹ lọ́la. Ó tún mọ̀ pé bí ọmọ bá pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ, ó lè pàdánù ìdánwò kékeré tí wọ́n ń kó jọ fún máàkì, wọ́n sì lè nà án nígbà tó bá padà. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n ti ń gba owó oúnjẹ lójoojúmọ́, ẹ̀rù tún lè máa bà á pé wọ́n á ka ọjọ́ tí ọmọ kò wá mọ́ gbèsè. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, bí a bá to gbogbo ìyẹn pọ̀, ohun tí a ń sọ fún ìyá ni pé kó gbé aláìsàn wá.

Nítorí náà, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ sí i, pé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tó ń wúkọ́ kì í ṣe ìsáǹsá. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò rẹ̀ nígbà tó bá padà. Ẹ má ṣe gba owó oúnjẹ tí kò jẹ. Ẹ má ṣe nà án. Kó dúró sílé títí ara rẹ̀ yóò fi tutù fún odindi ọjọ́ kan, ọ̀sán àti òru, láìsí oògùn tó ń mú ara tutù. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun ni a sì máa ń fò. Ara tó tutù nítorí paracetamol kò tíì tutù.

Ìkejì, ẹ sọ fún wa. Bí ọmọ mẹ́ta bá ṣàìsàn bákan náà ní kíláàsì kan láàárín ọjọ́ méjì, kí iṣẹ́ dé sórí fóònù àwọn òbí kíláàsì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ò ní láti mọ orúkọ àrùn náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sáà sọ iye ọmọ, kí ẹ sọ kíláàsì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i àti ohun tí a ó máa wò lára ọmọ wa. Nílé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, ìròyìn owó sáà kì í pẹ́ ìṣẹ́jú kan kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lórí WhatsApp. Nígbà tí ikọ́ gba kíláàsì méjì níbẹ̀, ẹnu àwọn ọmọ la ti gbọ́ ọ. Bí ẹ ṣe ń wá wa fún owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá wa bẹ́ẹ̀ fún ìlera.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn ọ̀gá kan lẹ́rù. Bí wọ́n bá kéde, òbí á kó ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn, orúkọ á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀fìnkìn kì í wọ̀. Ọ̀gá tó sọ òtítọ́ fún mi ní ọjọ́ kejì, tó bá ní kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ sí kíláàsì ní ọjọ́ kẹta, màá fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sì ní láti já lé ọ̀gá nìkan lórí. Láti ọdún 1992 ni ètò ẹ̀kọ́ ìlera, tí wọ́n ń pè ní SHEP, ti wà lábẹ́ àjọ ẹ̀kọ́ Gánà, ó sì yẹ kí olùkọ́ kan máa mójú tó o ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú wa ló mọ ojú olùkọ́ yẹn? Ẹ fi í hàn wá, ẹ fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀. Kí òun máa gba ìròyìn àìsàn láti ọ̀dọ̀ òbí, kí òun máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun sì máa pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò nígbà tí iye bá ń pọ̀.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ti ilé ẹ̀kọ́ pa. A ti rí ìyẹn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ ìgbà náà, Nana Akufo-Addo, kéde pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tì láti ọjọ́ kejì, nítorí kòrónà. Àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò àṣekágbá padà ní àárín ọdún; àwọn kéékèèké dúró sílé títí di oṣù Kìíní ọdún 2021. Ẹ rántí àwọn ọmọ tó ń ru ọjà kiri ní òpópónà Bantama lọ́dún náà. Ẹ rántí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí owó oṣù wọn dáwọ́ dúró. Ó pọn dandan nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n influenza ọdọọdún kò yẹ kó dé ibi títi ilé ẹ̀kọ́ pa, bí a bá tètè dá ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó kọ́kọ́ ṣàìsàn dúró sílé.

Kòrónà fi ohun rere kan sílẹ̀ fún wa, a sì ń jẹ́ kó bàjẹ́. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Veronica nítorí Veronica Bekoe, ọmọ Gánà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ohun alààyè, tó ṣe é kí ènìyàn lè fọwọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn níbi tí omi ẹ̀rọ kò sí. Lọ́dún 2020 kò sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí. Lónìí, ẹ lọ wo ti ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ yín jù. Èyí tí mo wò láìpẹ́ yìí, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n fi ọ̀rá dí i, ọwọ̀ ni wọ́n kó sínú rẹ̀, aláǹtakùn ti ta okùn láti ìdérí dé ara ògiri. Nǹkan tí yóò tún un ṣe kò ju ẹnu ẹ̀rọ tuntun, ọṣẹ ìfọṣọ, àti ọmọ kíláàsì kan tí yóò máa pọn omi sí i láàárọ̀. Ẹgbẹ́ òbí lè san ìyẹn láìpe ìpàdé. Kí ẹ sì ṣí fèrèsé kíláàsì o, àní nínú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé eruku ń wọlé. Eruku náà ń yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ọmọ àádọ́ta ń mí sínú yàrá tí a tì pa burú jù ú lọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ní ilé ìbùgbé, ọ̀rọ̀ tiyín wúwo jù. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ Kumasi Academy, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́. Mo dúpẹ́ fún ètò yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọjà wa ni kì bá tí kàwé kọjá JHS. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ ju ibùsùn lọ, débi pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e ìjọba ní láti pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí apá kan máa wà nílé nígbà tí apá kejì bá wà nínú ọgbà. Mi ò sọ pé èyí ló fa ikú àwọn ọmọ mẹ́rin náà. Mo ń sọ pé níbi tí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ti fara kan ara wọn, ẹni tó ń wúkọ́ lókè ń wú u sójú ẹni tó sùn nísàlẹ̀. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ kí àìsàn tó dé. Kó ní fèrèsé, kó ní omi, kí àgbàlagbà kan máa wà níbẹ̀ lóru tí yóò máa wo bí ọmọ ṣe ń mí. Kó má ṣe dà bí túbú. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù yàrá yẹn yóò fi ikọ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, nílé ńkọ́? Ó ṣòro láti dá ọmọ dúró sílé nígbà tí kò sí ẹni tí yóò jókòó tì í. A máa ń fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Arúgbó, aboyún, ọmọ ọwọ́, àti ẹni tó ní àsímà, ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkú-fọ̀ládìde, àwọn ni influenza máa ń ṣe ní ìjàǹbá jù. Kí ẹni tí ara rẹ̀ le jókòó ti ọmọ, kó lo ìbòmú, kó máa fọwọ́, kí ọmọ sì ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀. Àwa obìnrin ọjà ń dá àjọ owó láti ayébáyé. Kí ló dé tí a kò lè dá àjọ ọjọ́? Bí ọmọ rẹ bá ń ṣàìsàn, èmi á bá ọ bojú tó ìsọ̀ rẹ pẹ̀lú tèmi. Bí ó bá kan tèmi, ìwọ náà á ṣe é fún mi. Àwọn tó jọ pààlà ìsọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti oògùn, ẹ má ṣe máa ra kápúsù apakòkòrò ní ilé oògùn fún ọ̀fìnkìn. Kápúsù yẹn kì í pa fáírọ́ọ̀sì influenza. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní aspirin nígbà tí irú ìsàn yìí bá ń ṣe é. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ wò ná. Omi, oúnjẹ tó rọ̀, ìsinmi, paracetamol ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ̀nyí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ já. Ọbẹ̀ olómi gbígbóná tí a fi àìdan sí, tí àwọn ará ibí ń pè ní prekese, á tu ọ̀fun lára. Kò kúkú ní kí ẹ má lọ sílé ìwòsàn. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí àyà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó ń mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, tí kò lè mu omi, tí ó ń sùn tí kò ṣe é jí, tàbí tí ara rẹ̀ ti tutù tí ibà sì tún padà pẹ̀lú ikọ́ tó le ju ti àkọ́kọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn Suntreso wà nítòsí wa. Ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye, tí gbogbo Kumasi ń pè ní Gee, inú Bantama gan-an ló wà. Mo rò pé ìsúnmọ́ yìí ń tàn wá. A máa ń sọ pé Gee wà nítòsí, a ó sì fi ọjọ́ márùn-ún ṣe ìtọ́jú nílé. Àwọn kan ń gbé ọmọ láti abúlé tó jìnnà gan-an wá síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àwa tí a ń gbọ́ aago ọkọ̀ aláìsàn lórí ibùsùn wa ń dé ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ sì tún kaàdì ìlera NHIS àwọn ọmọ ṣe kí ó tó di ọjọ́ àìsàn.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlera Kumasi, ẹ gba gbólóhùn kan lọ́wọ́ mi. Abẹ́rẹ́ influenza kò sí lára àwọn tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ wa níbi wíwọ̀n ọmọ, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́dọọdún nítorí àrùn náà ń pààrọ̀ àwọ̀. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni. Ó kéré tán, kí ó wà nílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ní ilé ìbùgbé kí ọyẹ́ tó dé, kí ó má jẹ́ pé lẹ́yìn ìsìnkú ni a ó máa gbé e wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa ọmọ Yorùbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti ń tajà ní Kumasi láti ọ̀pọ̀ ọdún fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sórí lọ́rì, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò. Àwọn tó padà wá lẹ́yìn náà jogún ìwà kan, wọ́n sì fi kọ́ wa: nílùú onílùú, má pariwo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jókòó sẹ́yìn nípàdé òbí, tí a kì í béèrè ọ̀rọ̀, tí a máa ń fẹ́ fi ọmọ pamọ́ sílé ju kí a gbé e síwájú nọ́ọ̀sì tí yóò bèèrè ibi tí a ti wá. Mo mọ ìwà náà nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n tọ́ mi sí. Ṣùgbọ́n ọmọ wa àti ọmọ Aṣáńtì ló jọ ń fẹnu fa omi nínú ọ̀rá kan. Ìdákẹ́ tiwa lè pa ọmọ aládùúgbò, tiwọn náà lè pa tiwa. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ Yorùbá, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ bá wa sọ ọ́ ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́, nítorí ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́, gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ti sáà yìí ti súnmọ́. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ béèrè sínú ìwé kan: orúkọ àti nọ́ńbà olùkọ́ ìlera; ìlérí pé a ó gbọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ mẹ́ta bá ṣàìsàn; òfin pé a kò ní fìyà jẹ ọmọ tó dúró sílé nítorí ibà; àti ẹnu ẹ̀rọ tuntun fún bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà. Èmi á san owó ẹnu ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá gbọ́ Twi dáadáa nínú yín, kó wá bá mi tú ìyókù kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kó sì jókòó tì mí níwájú. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, èsì tí ẹ bá ní, ẹ fi sórí WhatsApp tí ẹ fi ń béèrè owó, kí gbogbo òbí lè kà á.

Èmi ni,
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Bantama, Kumasi.